Jáódì, Orúkọ Tó Ń Pe Ẹlòmíràn

Ẹ jókòó dáadáa. Rukayat, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Láti àná tí a ti dé láti ibi ìsọmọlórúkọ ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ mi lábẹ́lẹ̀, ẹ rò pé etí mi ti di. Etí mi ò di. Mo gbọ́ nígbà tí ìwọ Rukayat ń sọ fún èkejì rẹ pé, "Grandpa was moving mad, I swear down," ìyẹn ni pé mo ń ṣe bí wèrè. Ó dáa. Ẹ ní Áfáà ṣàdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín, èmi nìkan ni mo pa ẹnu dé bí ẹni tó fomi sẹ́nu. Ẹ tún ní nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣàdúrà, èmi nìkan ni mo kígbe àmín tí ọmọ jòjòló fi ta jí. Òótọ́ ni. Àgbà kì í ṣorò bí èwe, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe yẹn, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Bí mo bá máa dá yín lóhùn, àfi kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ilé ìfọṣọ, torí ibẹ̀ ni orúkọ tó fa gbogbo rẹ̀ gbà wọ ìdílé wa.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù yẹn ní Old Kent Road, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò? Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo dé ìlú yìí. Ibẹ̀ la ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Láàárọ̀, kí o tó dé ẹnu ọ̀nà lo ti máa gbọ́ ọ: ẹ̀rọ ìfọṣọ á máa lu ara wọn gbì, gbì, gbì, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ aṣọ á máa mí fúùù, èéfín omi gbígbóná á bo gbogbo ilé, ẹ ò ní rí ara yín, ohùn lẹ ó fi máa dá ara yín mọ̀. Bí òtútù bá ń pa gbogbo Peckham níta, àwa á bọ́ kóòtù, a bọ́ súwẹ́tà, òógùn á máa ro. Lónìí bí bọ́ọ̀sì bá gbé mi kọjá níbẹ̀, orin ìyìn ni mo ń gbọ́. Mi ò bá wọn jà. Ilé tó bá dá wà ni èèrà ń gbà.

Iṣẹ́ tèmi ni kíká aṣọ. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń ká. Ẹni méjì ló ń ká a. Ìwọ á di etí méjì mú, ẹnìkejì á di etí méjì mú, ẹ ó nà án, ẹ ó gbọ̀n ọ́n pà, ẹ ó wá rìn pàdé ara yín láti so etí pọ̀ mọ́ etí. Ẹnìkan á tẹ̀ mú ìsàlẹ̀, ẹ ó tún pàdé. Báyìí la ń ṣe láti àárọ̀ títí aago mẹ́rin. Ẹni tí o bá bá káṣọ fún ọdún kan, o ti mọ̀ bó ṣe ń mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ ń rí ojú ènìyàn wẹ́wẹ́ lójú gíláàsì, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ẹ lè rò pé network ló gbé e lọ.

Ẹni tí èmi bá káṣọ ni obìnrin tí gbogbo yín ń pè ní Aunty Ṣáínà. Ẹ rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Zhaodi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bọ́ sétí mi nígbà tó bá pè é ni Jáódì, Jáódì ni mo sì ń pè é. Abúlé kan ní gúúsù Ṣáínà ni wọ́n ti bí i. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Họ́ńkọ́ǹgì, ló mú un wá síbí. Ilé tí wọ́n ń gbé wà nísàlẹ̀ tiwa gan-an, nínú estate kan náà, ọjọ́ orí wa ò sì ju ara wọn lọ. Ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ, òyìnbó kan tí irun imú rẹ̀ gùn ju ti orí rẹ̀ lọ, ní orúkọ wa ti le jù fún òun. Ó sọ mí di Sam, ó sọ obìnrin náà di Judy. Àwa méjèèjì bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́: bí a bá ti di etí aṣọ mú, orúkọ tí bàbá sọni la ó fi máa pe ara wa.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti bi í ní ìtumọ̀. Ṣé Yorùbá lè gbọ́ orúkọ kó má bèèrè ìtumọ̀ ni? Òyìnbó lè jẹ́ John títí á fi kú, bí o bá bi í pé kí ni John, á máa wò ọ́ lójú. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Jáódì, what is the meaning?" Etí aṣọ ló ń wò, kò wojú mi. Ó ní, "It means somebody is coming." Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e.

Háà, inú mi dùn! Mo ní Ìyábọ̀ nìyẹn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé tiwa náà nìyẹn, pé bí ìyá àgbà bá kú tí a sì bí obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, a ó ní ìyá ti padà bọ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí aṣọ mẹ́wàá fi kọjá láàárín wa. Ó kàn ń ṣe "hm, hm." Bí mo ṣe fi òye ara mi parí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà gé sí ìdajì, mo mú ìdajì tèmi, mo fi lẹ̀ ẹ́.

A bá ara wa ṣọ̀rẹ́ gan-an ṣá. Bí a bá ṣọdún Iléyá, itan àgbò á sọ̀kalẹ̀ lọ sílé rẹ̀. Bí tiwọn bá dé, nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo lẹ́yìn ìkórè, òun náà á gbé àkàrà kan gòkè wá, ó rí roboto, wọ́n fi nǹkan ya ara rẹ̀ dáadáa, àkàrà òṣùpá ni wọ́n ń pè é. Ọdún àkọ́kọ́ tó gbé e wá, màmá yín àgbà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, jẹ mẹ́ta. Èmi jẹ mẹ́rin. Ọjọ́ kejì nílé ìfọṣọ ni mo ní kó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sè é, ó bá ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀: ìyẹ̀fun, ẹyin, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní kí ló wí? Ó ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Yéè! Màmá yín fi ọṣẹ fọ ẹnu. Obìnrin náà sunkún ju wa lọ, ó ní òun ò mọ̀. Láti ọdún kejì títí di òní, òróró ẹ̀pà ló fi ń ṣe tiwa, lọ́tọ̀, nínú páànù tí kò fi se nǹkan mìíràn rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sójú ọ̀nà. Ìyá tó bí mi kú ní Ìwó lọ́dún kan, mi ò rí owó ọkọ̀ lọ sin ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni màmá yín lóyún ẹ̀kẹta. Obìnrin ni méjì àkọ́kọ́, Kafáyà ìyá Rukayat àti àbúrò rẹ̀. Mo fẹ́ ọkùnrin. Mi ò ní bò ó mọ́ yín lára. Mo fẹ́ ẹ débi pé bí mo bá kírun tán, mo máa ń jókòó síbẹ̀ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, yìnyín ti já lulẹ̀ títí, bọ́ọ̀sì ò rìn mọ́, gbogbo Old Kent Road funfun báláú. Màmá yín, aláìgbọràn, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi pẹ̀lú oyún tó ti tó bí. Abọ́ tó gbé wá ò tíì kanlẹ̀ tí omi fi já. A pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí a máa retí. Ìrora ń kọjá lórí ara wọn. Mo dúró, mo di ìbòrí rẹ̀ mú, mo ń pe Ọlọ́run, mi ò wúlò fún nǹkan kan. Jáódì ló sáré lọ sídìí ọmọlanke tí a fi ń ti aṣọ ìdọ̀tí, ó da aṣọ inú rẹ̀ sílẹ̀ wìì, ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sí i, ó ní, "Put her!" A gbé màmá yín sínú ọmọlanke. Obìnrin kúkúrú yẹn tì í jáde sójú títì, nínú yìnyín, láìwọ kóòtù, ó ń pariwo lé àwọn mọ́tò tó há pé kí wọ́n kúrò lọ́nà. Èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn, bàtà màmá yín lọ́wọ́ mi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn tí ó fi bí Faidat.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ọmọ tí ẹ lọ bá sọ lórúkọ lánàá. Inú ọmọlanke aṣọ ìdọ̀tí ni wọ́n ti gbé e délé ìwòsàn.

Ẹ̀yin òde òní, lórí WhatsApp lẹ ti ń dìbò fún orúkọ ọmọ. Ilé la máa ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ láyé tiwa. Mo wo ilé mi: ìyá mi kú, obìnrin ló tẹ̀ lé e, Ìyábọ̀ ni. Mo wo ọ̀nà: obìnrin kan ti aya mi nínú yìnyín kí ó má baà bímọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni mo lè fún un? Orúkọ ni ẹ̀bùn tó ga jù lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí Áfáà ti pe Faidat sétí ọmọ tán, tí wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀ kí ẹbí máa sọ owó sí i kí wọ́n sì máa sọ orúkọ tiwọn, mo dìde, mo sọ owó sómi, mo ní, "Jáódì ni tèmi! Ìyábọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Áfáà ní, "Ọlọ́run á dá a sí. Ọlọ́run á fi ọkùnrin tẹ̀ lé e." Mo ṣe àmín. Lọ́jọ́ yẹn, àmín tèmi ló ròkè jù.

Jáódì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, obìnrin kan ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rí i tí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Oṣù márùn-ún ló fi yan mí lódì. Ẹ rántí pé iṣẹ́ wa ni kí a máa pàdé. A ó di etí aṣọ mú, a ó nà án, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó rìn pàdé, ọwọ́ á kan ọwọ́, ojú ò ní kan ojú. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí nǹkan. Màmá yín ní, "Lọ bẹ obìnrin yẹn." Mo ní kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́? Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ìwọ ṣáà lọ bẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí ó yá, mo gbà. Báwo la ti ń bẹ ènìyàn nílé wa? Mo dọ̀bálẹ̀. Láàárín ilé ìfọṣọ, lórí ilẹ̀ tó tutù rinrin, lójú gbogbo wọn, mo na gbọọrọ síwájú rẹ̀. Ọ̀gá onírun-imú rò pé mo dákú. Ó sáré dé pẹ̀lú korobá omi, ó sì dà á lé mi lórí. Jáódì kọ́kọ́ ń wò mí. Ìgbà tí ó rí i tí omi ń jáde nímú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gidi.

Orí àga tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ló ti sọ ìdajì kejì ìtumọ̀ náà fún mi. Ó ní lóòótọ́, ẹnìkan ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Apá kìíní orúkọ náà ni kí a juwọ́ pe ènìyàn. Ó juwọ́ fún mi bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Apá kejì ni àbúrò ọkùnrin. Pe àbúrò rẹ ọkùnrin wá: gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kẹta ni wọ́n bí i nínú ilé wọn. Bàbá rẹ̀ ò wọ yàrá náà títí ọjọ́ kẹta. Bàbá àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó sọ orúkọ náà bọ inú ilé, tó sì bá tirẹ̀ lọ sóko.

Ó ní kì í ṣe òun nìkan. Láyé ìgbà náà lábúlé wọn, orúkọ yẹn wọ́pọ̀ bí omi òjò. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, Jáódì mẹ́rin ló wà, olùkọ́ ń pè wọ́n ní Jáódì ńlá, Jáódì kékeré, Jáódì ẹ̀bá odò, òun sì ni Jáódì onírun méjì. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ń jẹ́ Laidi, ìyẹn ni pé àbúrò ọkùnrin, máa bọ̀. Àwọn kan Pandi, à ń retí àbúrò ọkùnrin. Ibi tí ó ti wá ni pé ọkùnrin ló ń gbé orúkọ ìdílé, òun ló ń ro oko bàbá, òun ló ń bọ́ òbí lọ́jọ́ ogbó tó sì ń ṣètọ́jú ibojì wọn. Ọmọbìnrin tó bá ti lọ ilé ọkọ, wọ́n ní omi tí a dà nù ni. Bí obìnrin bá wá pọ̀ nílé, wọ́n á fi orúkọ ìkẹyìn wọn ránṣẹ́ sí ọkùnrin. Ó ní ayé ti ń kúrò níbẹ̀ o. Àwọn Jáódì ti di ìyá àgbà báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ bá ìjọba pé kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́ fún àwọn. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóde òní, aládùúgbò á wò ó kọ̀rọ̀.

Mo bi í pé ṣé ọkùnrin náà wá? Ó ní ó wá. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló dé, òun sì ni wọ́n ń fún ní ẹyin, òun ni wọ́n jẹ́ kó kàwé tán. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé títí di òní. Ó ní, "Kò sígbà tí ìyá mi pè mí tí kì í ṣe àbúrò mi ló ń pè."

Ó ní, "Ìwọ náà, o sọ ọmọ rẹ ní Jáódì, o wá tún gbàdúrà rẹ̀ sókè. Obìnrin yẹn túmọ̀ àdúrà fún mi. Mo rò pé o ti bèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ní, bàbá mi nìyí, ó ti bá mi dé Peckham."

Mo yára fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwa Yorùbá kì í sọ ọmọ lórúkọ burúkú bẹ́ẹ̀. Mo ti la ẹnu. Àdúrà Áfáà sì rọra padà bọ́ sí mi létí, àti àmín tí mo ṣe. Àwọn kọ tiwọn sínú orúkọ. Àwa, ẹnu la fi ń ṣe tiwa, gbogbo ilé á sì gbè é. Mo pa ẹnu mi dé. Ó bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ ọkùnrin?" Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ." Ó ní ó dáa, ó kéré tán mi ò purọ́. Ó ní kí n ṣe ohun kan ṣoṣo fún òun: kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ náà pe ọmọ.

Ẹnikẹ́ni ò sì pè é. Ṣùgbọ́n mo ti lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba, ó ti wọ ìwé ìbí. Mo pè é fún akọ̀wé bó ṣe wà létí mi, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Jaodi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi wá a lórí fóònù títí tí ẹ ò rí nǹkan. Faidat dàgbà, ó rí i nínú ìwé rẹ̀, ó bi mí. Mo ní Ìyábọ̀ ni. Kí ni ǹ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Ó dàgbà sí i, mo ṣì ní Ìyábọ̀ ni. Irọ́ tó bá ti pẹ́ nílé, á dàbí ọmọ ilé.

Kamọ̀rù dé ní tirẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn Faidat. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo Peckham tó ń pè mí ní Bàbá Kafáyà tẹ́lẹ̀, lọ́sẹ̀ kan náà ni wọ́n yí i padà sí Bàbá Kamọ̀rù. Ní mọ́ṣáláṣí, ní ọjà, níbi gbogbo. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò yí padà. Láti ọjọ́ náà títí di àná, Bàbá Faidat ni Jáódì ń pè mí.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Faidat bímọ, obìnrin, ó sì jẹ́ ẹ̀kẹta obìnrin fún òun náà. Ó pè mí láti ilé rẹ̀ ní Surrey Quays, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ọmọdé. "Daddy, I've decided. Jaodi la máa sọ ọ́. After me, after Aunty. It's a surprise, ẹ má tíì sọ fún Aunty o." Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo bá a tó ń fọ́mọ lọ́mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo rò pé orúkọ ló máa bá mi jà lé lórí. Kò bèèrè orúkọ. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, don't lie to me. Nígbà tí wọ́n bí mi, ṣé inú yín dùn?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dàgbà. Ikú ò jìnnà sí mi mọ́ débi tí ǹ bá fi máa purọ́ fún ọmọ. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un: nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde tó ní obìnrin ni, mo ní kó padà lọ wò ó dáadáa.

Ó wo ọmọ tó wà lọ́mú rẹ̀. Ó ní, "So it's Kamoru that's on my birth certificate. Not me." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ máa lọ sílé, Daddy. Mo máa call yín." Kò pè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa sọ ọmọ yẹn lórúkọ kí n má débẹ̀, torí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ rí níbi ìsọmọlórúkọ, ta ni ó máa bá ṣàlàyé? Ọjọ́ kẹrin ló pè, gbólóhùn kan: "Ẹ mú Aunty dání bọ̀."

Mo gba Peckham Rye kọjá lọ sílé tí Jáódì kó lọ lẹ́yìn tó kúrò nísàlẹ̀ wa. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Mo ròyìn fún un. Ó ní, "So you have told her. Finally." Ó po tíì, ó gbé e síwájú mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Bàbá Faidat, ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ fún gbogbo nǹkan, èyí tí wọ́n bí lọ́nà, èyí tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún, èyí tó dojú bolẹ̀ wáyé. Ọmọ tí ẹ bí, tí ẹ ò retí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, kí ni orúkọ tirẹ̀?" Mo ronú. Mo ronú títí tíì fi tutù. Mi ò rí i. Bóyá mi ò mọ̀ ọ́n ni, bóyá mi ò wá a rí ni.

Ìyókù ṣojú yín. Áfáà pe Hanifat sétí ọmọ. Ó ṣàdúrà, àdúrà náà gan-an, bí ẹni tó há a sórí láti ọdún mẹ́tàdínlógójì: "Ọlọ́run á fi ọkùnrin tẹ̀ lé e." Gbogbo yín ṣe àmín. Faidat yíjú, ó ń wò mí. Ẹnu mi wà ní pípadé, kí eyín mi fọ́ bí ó bá fẹ́ fọ́. Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀. Jáódì fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ibo ló ti rí i, lọ́dọ̀ àwọn tó ń dirun ni, lọ́dọ̀ Faidat ni, mi ò tíì bi í. Ó sọ owó sómi, ó sì fi ohùn rẹ̀ tí kò lè pe Yorùbá tọ́ rí sọ orúkọ tí èmi wá títí nínú èdè bàbá mi tí mi ò rí. Ó ní, "Èyítáyọ̀."

Ìgbà yẹn ni mo kígbe. Ẹ ní ó ti le jù, ẹ ní mo jí ọmọ. Mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: àmín ti ọmọ tuntun, àmín ti ìyá rẹ̀ tí mo ní kí nọ́ọ̀sì padà lọ wò, àti ti obìnrin tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dúró síbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ṣe é fún un lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.